Ẹ Má Pa Ọ̀rẹ́ Mọ́ Ọ̀tá: Bí A Ṣe Lè Lé Eégbọn Kúrò Nínú Àgbàlá

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó orí. Ọ̀rọ̀ kòkòrò ni. Kòkòrò náà kéré ju hóró ọkà bàbà lọ, ṣùgbọ́n ó lè gba oorun lójú odindi ilé, ó sì lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n ti ń bá ara wọn jẹun láti ọdún mẹ́wàá. Ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí mo ń gbé ní Ìbàdàn, èmi gan-an ni mo sì jẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ bí ó ti rí, kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n.

Bí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Ọdún 2017 ni. Ilé wa jẹ́ ilé olójúlé mẹ́fà, àgbàlá ńlá sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pẹ méjì wà níbẹ̀, igi ọsàn kan wà níbẹ̀, Ìyá onílé wa sì gbin ewébẹ̀ àti elégédé sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ajá pupa kan wà tí gbogbo wa fẹ́ràn, nítorí pé láti ìgbà tí ó ti dé, olè kò fi ẹsẹ̀ tẹ àdúgbò wa mọ́.

Nígbà tí òjò ọdún náà rinlẹ̀ dáadáa, ajá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara tọ̀sán tòru. Kò pẹ́ tí àwa náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í họ ẹsẹ̀. Bí a bá jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kò sí ẹni tí ó lè jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọ mi obìnrin yọ roro pupa yí ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì ká, títí tíṣà rẹ̀ fi dá a padà wálé, ó rò pé èéyi ni.

Ojú tì mí. Tíṣà ni èmi fúnra mi, bóyá ìyẹn ni ó tún jẹ́ kí ó dùn mí jù. Mo gba ọjà lọ, mo ra ìgò ọ̀tapíàpíà mẹ́rin. Ẹni tí ó tà á fún mi kò béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, èmi náà kò sì bi í ní ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Mo pò ó mọ́ omi nínú garawa, mo sì wọ́n ọn yí gbogbo àgbàlá ká: abẹ́ igi ọsàn, ìdí ọ̀pẹ, etí ewébẹ̀, abẹ́ bẹ́ńṣì tí ajá ń sùn sí. Nígbà tí mo ṣe tán, mo sọ fún ìyàwó mi pé, "Ọ̀rọ̀ eégbọn ti parí."

Kò parí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mẹ́ta ti kú nínú àwọn adìẹ obìnrin aláṣọ tí ń gbé ojúlé kejì. Wọ́n ti ṣa òkú kòkòrò jẹ. Ọkùnrin kan tí ó ní àpótí oyin méjì ní ilé kejì sí tiwa wá bá wa pẹ̀lú òkú oyin nínú igbá, wọ́n pọ̀ bí ẹ̀wà tí a fẹ́ sè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ wá burú jù: ọmọ ọdún méjì tí obìnrin aláṣọ yìí bí, tí ó ti ń fi ìdí wọ́ nínú àgbàlá láti àárọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í da itọ́ lẹ́nu, ó ń bì, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Òru ni a gbé e dé ọsibítù. Ọlọ́run yọ wá, ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, tí ó máa ń pè mí ní "Ẹ̀gbọ́n Tíṣà" tẹ́lẹ̀, kò dá mi lóhùn mọ́ fún oṣù mẹ́ta.

Ẹ gbọ́ èyí tí ó wá burú jù lọ: nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, eégbọn padà. Wọ́n tilẹ̀ dà bí ẹni pé wọ́n pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ìyá onílé ránṣẹ́ pè mí. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, kì í sì í pariwo.

"Tíṣà, jókòó. Ta ni ó ń jẹ ọ́ nínú àgbàlá yìí?"

"Eégbọn ni, mà."

"Ṣé adìẹ jẹ ọ́ rí?"

"Rárá o, Ìyá."

"Oyin ńkọ́?"

"Oyin kò jẹ mí, mà."

"Kí ló wá dé tí àwọn tí kò ṣẹ̀ ọ́ fi kú, tí ẹni tí ó ṣẹ̀ ọ́ sì wà láàyè?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Mo lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, mo sì wá ìwé kà. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ta ni eégbọn gan-an?

Orúkọ kan ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń pe kòkòrò méjì. Èkíní ni èyí tí ń lẹ̀ mọ́ etí ajá àti ara màlúù, tí ń mu ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi wú bí èso láàrà. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni ó ní, ìbátan aláǹtakùn ni. Òun ni ó wà nínú òwe àwọn àgbà, pé ó so mọ́ akátá lẹ́nu, wọ́n ní kí adìẹ wá yọ ọ́ jẹ.

Èkejì ni èyí tí ń fò. Kò ní ìyẹ́, ẹsẹ̀ mẹ́fà ni ó ní, ara rẹ̀ sì pẹlẹbẹ láti ẹ̀gbẹ́ bí ẹja, kí ó lè máa gba àárín irun kọjá. Kò gùn ju mìlímítà 3 lọ, síbẹ̀ ó lè fò sókè tó ínṣì 7. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lára ajá káàkiri ayé ni àwọn onímọ̀ ń pè ní eégbọn ológbò, nítorí pé ajá àti ológbò kò yàtọ̀ lójú rẹ̀. Eégbọn tí ń fò yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí.

Yàtọ̀ sí pé ó ń jẹni, ó tún ń gbé aràn gígùn kan kiri, aràn pẹlẹbẹ bí ọ̀já. Ajá máa ń kó aràn yìí nígbà tí ó bá ń fi eyín wá eégbọn lára, tí ó sì gbé e mì. Ọmọdé tí ń bá ajá ṣeré lè kó o lọ́nà kan náà, bí eégbọn bá bọ́ sí i lẹ́nu.

Ìdí tí oògùn mi fi kùnà

Ẹ jẹ́ kí á wo ìgbésí ayé rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ wà. Nígbà tí abo bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, ó lè yé ẹyin 40 tàbí 50 lóòjọ́. Ẹyin náà ń dán, kì í lẹ̀ mọ́ irun. Bí ajá bá gbọn ara, wọn a máa jábọ́ bí iyọ̀. Nítorí náà, ibi tí ajá bá ń sùn sí ni ẹyin ń pọ̀ sí jù.

Ẹyin di ìdin láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìdin yìí funfun, kò ní ẹsẹ̀, ó sì ń sá fún ìmọ́lẹ̀. Ìgbẹ́ eégbọn àgbà, tí í ṣe ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ, ni oúnjẹ rẹ̀. Ó fẹ́ òjìji àti ọ̀rinrin, ìyẹn ni ó fi ń pọ̀ nígbà òjò. Bí oòrùn bá bá a ní gbangba, kíkú ni yóò kú.

Lẹ́yìn náà ni ìdin yóò hun ilé kékeré bo ara rẹ̀, bí kòkòrò tí a ń rí òwú sányán lára rẹ̀ ti ń hun tirẹ̀. Erùpẹ̀ a lẹ̀ mọ́ ilé náà lára, ojú kì í sì í rí i mọ́. Inú ibẹ̀ ni yóò ti di eégbọn, yóò sì dúró. Ó lè dúró ní ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè dúró fún oṣù mélòó kan, títí yóò fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀, tàbí kí ó mọ ooru ara àti èémí ẹran lára. Ìgbà náà ni yóò bẹ́ jáde. Ẹ ó ti rí i bí àwọn kan ṣe kó lọ sí ilé tí kò sí ẹni tí ó gbé inú rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, tí eégbọn sì bò wọ́n lẹ́sẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn tí ó ti ń dúró láti ọjọ́ yìí ni.

Àwọn onímọ̀ sábà máa ń sọ pé bí a bá ka irú ẹ̀dá yìí 100 nínú ilé kan, bíi 5 péré ni ó ti di àgbà tí ń fò tí ń jẹni. Nǹkan bí 50 ṣì jẹ́ ẹyin, 35 jẹ́ ìdin, 10 sì wà nínú ilé òwú wọn. Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe. Àwọn 5 tí mo ń rí ni mo bá jà. Oògùn kì í sábà wọ inú ilé òwú yẹn, agbára ọ̀tapíàpíà sì ń tán nílẹ̀ láìpẹ́ ọjọ́. Nígbà tí agbára rẹ̀ tán, àwọn tí ó fara pa mọ́ jáde wá, wọ́n sì bá àgbàlá tí àwọn ọ̀tá wọn ti kú tán.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa tí a kì í kà sí

Àwọn wo ni ọ̀tá wọn? Eèrà ni olórí. Eèrà a máa kó ẹyin eégbọn, a sì máa gbé ìdin rẹ̀ lọ jẹ. Alángbá àti aláǹtakùn náà ń dín kòkòrò kù nínú ilé. Mo pa gbogbo wọn pọ̀ lọ́jọ́ kan, láìgba owó lọ́wọ́ eégbọn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn tí ń jẹ eégbọn nìkan ni ó wúlò. Elégédé Ìyá onílé ní òdòdó akọ lọ́tọ̀, ó ní abo lọ́tọ̀. Bí oyin kò bá gbé ìyẹ̀fun akọ dé ọ̀dọ̀ abo, òdòdó lásán ni yóò rọ dànù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gúsí. Lọ́dún náà, elégédé wa tanná yẹbẹyẹbẹ, kò sì so ju méjì lọ.

Ọ̀pẹ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ń rò pé atẹ́gùn nìkan ni ó ń bá ọ̀pẹ ṣe iṣẹ́ yìí. Kòkòrò kékeré kan tí ń gbé orí òdòdó akọ ọ̀pẹ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó gbé ọ̀pẹ láti ilẹ̀ Áfíríkà lọ gbìn ní Maléṣíà, wọn kò mú kòkòrò náà dání. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn lébìrà ni wọ́n ń gbà láti máa fi ọwọ́ bu ìyẹ̀fun akọ sí òdòdó abo. Ní ọdún 1981, wọ́n kó kòkòrò náà láti Kamẹrúùnù lọ tú sílẹ̀ níbẹ̀. Èso ọ̀pẹ wọn pọ̀ sí i, wọ́n sì sinmi owó lébìrà. Ẹ rò ó wò: ohun tí àwọn kan fi ọkọ̀ òfuurufú gbé ni àwa ń fi ọ̀tapíàpíà pa lẹ́yìnkùlé.

Kòkó náà rí bẹ́ẹ̀. Eṣinṣin tín-ín-tín kan, tí kò tó orí abẹ́rẹ́, ni ó ń ran òdòdó kòkó lọ́wọ́, inú ewé jíjẹrà abẹ́ igi ni ó sì ń dàgbà sí. Nínú ewébẹ̀, ẹ ó rí kòkòrò róbótó pupa kan tí ó ní àmì dúdú lẹ́yìn. Àwọn iná wẹ́wẹ́ tí ń fa omi ara ewé ni ó ń jẹ. Agbọ́n pàápàá, tí a máa ń fi iná lé, ọdẹ ni. Kòkòrò tí ń jẹ ewé wa ni ó ń pa fún ọmọ rẹ̀ jẹ.

Ohun tí a ṣe

Ìyá onílé pe gbogbo ojúlé jọ, a sì pín iṣẹ́. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí apá tálákà kò ká.

Èkíní, a wá ibi tí eégbọn wà. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun, mo fa á dé orúnkún, mo sì rìn jẹ́ẹ́jẹ́ yí àgbàlá ká. Ibi tí wọ́n bá wà, wọn a fò mọ́ ìbọ̀sẹ̀, a ó sì rí wọn ní dúdú dúdú. A rí i pé wọn kò sí ní ibi tí oòrùn ń pa. Abẹ́ bẹ́ńṣì ajá, ẹ̀yìn ìkòkò omi, àti abẹ́ igi ọsàn nìkan ni wọ́n wà. Gbogbo àgbàlá ni mo ti wọ́n oògùn sí, bẹ́ẹ̀ ibi mẹ́ta péré ni ọ̀tá wà!

Èkejì, a tọ́jú ajá. A fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọrùn ni a kọ́kọ́ fi ọṣẹ yí ká, kí eégbọn má baà sá lọ sí etí àti ojú. A wá ń fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ ya irun rẹ̀ lójoojúmọ́, a ó ti òòyà náà bọ omi ọṣẹ, àwọn tí ó bá wà níbẹ̀ á sì kú. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ajá yín ní eégbọn, ẹ gbọn ìdọ̀tí dúdú ara rẹ̀ sórí aṣọ funfun tí ó tutù. Bí ó bá di pupa, ẹ̀jẹ̀ ni, eégbọn wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ibùsùn. Àpò ìdọ̀họ tí ajá ń sùn lé ni a sun. A fún un ní aṣọ àlòkù tí a lè fọ̀, a sì ń da omi gbígbóná lé e, a ń sá a sí oòrùn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àwa náà ń sá ẹní àti aṣọ ìbora wa.

Ẹ̀kẹrin, ọwọ̀. Àárọ̀ àti alẹ́ ni a ń gbá ilé, pàápàá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti igun ògiri. A kò da pàǹtí rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé mọ́. Sísun ni a ń sun ún. Gbígbá yìí ní èrè méjì: ó ń kó ẹyin àti ìdin lọ, ìró rẹ̀ sì ń jí àwọn tí ó wà nínú ilé òwú kí wọ́n tètè jáde wá pàdé ikú wọn. Àwọn ihò tí ó wà nínú sìmẹ́ńtì àtijọ́, eérú gbígbẹ ni Ìyá kọ́kọ́ ní kí á fi kún wọn, nítorí pé eérú ń gbẹ omi lára kòkòrò. Lẹ́yìn náà ni a dá owó, a ra sìmẹ́ńtì, a sì dí wọn pátápátá.

Ẹ̀karùn-ún, oòrùn àti omi. A gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ igi ọsàn kí oòrùn lè wọlé. A gé koríko ibi mẹ́ta yẹn sílẹ̀ bọ́rọ́, a sì kó ewé gbígbẹ kúrò níbẹ̀. Ibi tí ajá ń sùn sí gan-an ni a da omi híhó sí, àmọ́ ibẹ̀ nìkan, nítorí pé omi híhó kò mọ ekòló yàtọ̀. A kò fọwọ́ kan ewé tí ó wà nídìí ọ̀pẹ ní òpin ọgbà. Ilé àwọn ọ̀rẹ́ wa nìyẹn.

Ẹ̀kẹfà, àtùpà. Lálaalẹ́ ni mo ń gbé abọ́ funfun tí ó kún fún omi ọṣẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí mo sì ń gbé àtùpà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Eégbọn a fò lọ sí ibi ìmọ́lẹ̀ àti ooru, a bọ́ sínú omi, ọṣẹ kì í sì í jẹ́ kí ó lè jáde. Èyí nìkan kò lè tán wọn, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí á mọ ibi tí iṣẹ́ dé. Mo ń kọ iye wọn sínú ìwé. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n jẹ́ 23. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n di 41, ó sì fẹ́rẹ̀ sú mi. Dókítà ẹran ní kí n má mikàn, àwọn tí ó wà nínú ilé òwú ni wọ́n ń jáde. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, omi mọ́ gaara.

Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀sẹ̀ kan tí ó sì dáwọ́ dúró, asán ni ó ṣe.

Ohun tí kò yẹ kí á ṣe

Àwọn kan ń fi kẹrosíìnì pa ajá lára. Ó ń bó awọ ara rẹ̀, ajá yóò sì lá a mì. Àwọn mìíràn ń fi omi tábà fọ̀ ọ́. Oró gidi ni oró tábà. Ó lè pa ajá, ó sì ń pa oyin. Ẹ má ṣe rò pé ohun tí ó bá ti inú ewé tàbí inú ilẹ̀ wá kò lè ṣeni ní ibi. Ìyẹ̀fun funfun kan wà tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ lókè òkun, tí wọ́n ń tà fún eégbọn. Ó ń ha ara kòkòrò títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ó dára nínú ihò ògiri, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọ́n ọn sórí òdòdó, kò mọ oyin yàtọ̀ sí eégbọn.

Òróró inú hóró dóńgóyárò sàn díẹ̀, nítorí pé ó ń dí ìdin lọ́wọ́ láti dàgbà. Síbẹ̀, ibi tí ajá ń sùn sí nìkan ni kí ẹ wọ́n ọn sí, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oyin ti wọlé.

Ní ti àwọn oògùn líle, òfin pàápàá ti ń dé sí wọn. Gammalin 20, tí àwọn bàbá wa fi ń fín kòkó láyé ọjọ́un, oró inú rẹ̀ wà lára àwọn tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní ọdún 2009 láti mú kúrò nílẹ̀ káàkiri ayé. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de títà ìgò kéékèèké oògùn dichlorvos ní ọjà, ọ̀pọ̀ ọ̀tapíàpíà tí wọ́n ń pò ní kọ̀rọ̀ ni oògùn yìí sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bù ú sínú ìgò ohun mímu. Bí ọ̀rọ̀ eégbọn bá kọjá agbára yín, ẹ mú ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Oògùn wà tí ajá lè gbé mì, tí yóò pa eégbọn tí ó bá jẹ ẹ́, tí kò sì ní kan oyin tí ó wà lórí òdòdó.

Eku àti jìgá

Ẹnìkan lè sọ pé, "Èmi kò ní ajá." Ṣé ẹ kò ní eku? Eku ní eégbọn tirẹ̀, òun ni ó sì burú jù. Ní ọdún 1898, dókítà ará Faransé kan, Paul-Louis Simond, rí i ní ìlú Karachi pé eégbọn ni ó ń gbé àjàkálẹ̀ àrùn eku dé ara ènìyàn. Bí eku bá kú, ara rẹ̀ yóò tutù, eégbọn rẹ̀ yóò sì wá ẹlòmíràn lọ. Àrùn yìí wọ Èkó ní ọdún 1924, ó sì jà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba fi dá ìgbìmọ̀ tí ń tún ìlú Èkó ṣe sílẹ̀ ní ọdún 1928, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé tí ó fún pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹ dí ihò eku, ẹ fi ọmọrí dé ààtàn inú ilé, ẹ má sì ṣe fi ọwọ́ lásán gbé òkú eku.

Jìgá pẹ̀lú, ọmọ ìyá eégbọn ni. Àlejò ni ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1872, ọkọ̀ ojú omi kan gbé e láti Bùràsíìlì dé Ambriz ní Àǹgólà, kí ọ̀rúndún náà sì tó parí, ó ti la Áfíríkà já dé etí òkun ìlà-oòrùn. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2007 nípa Erekiti, ìletò kan ní ìpínlẹ̀ Èkó, fi hàn pé ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ni ó ní jìgá lẹ́sẹ̀. Ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ iyanrìn tàbí amọ̀, àti agboolé tí ẹlẹ́dẹ̀ ti ń rìn káàkiri, ni ó pọ̀ sí jù. Ẹ wò ó: ilẹ̀ tí a rẹ́, ẹran tí a sé mọ́, bàtà lẹ́sẹ̀. Ìwà ìmọ́tótó ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé

Mo san owó adìẹ, mo san owó ọsibítù, mo sì ran ọkùnrin olóyin lọ́wọ́ láti ra oyin mìíràn. Owó sìmẹ́ńtì, ọṣẹ àti òòyà tí a fi ṣẹ́gun eégbọn kò tó ìdajì ohun tí ìgò mẹ́rin yẹn ná mi.

Ní oṣù kẹta tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, obìnrin aláṣọ wá kan ilẹ̀kùn wa ní alẹ́. Òun ni ó kan láti gbé abọ́ omi ọṣẹ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹ wá bá mi wo abọ́ yìí. N kò rí ẹyọ kan." A gbé àtùpà sún mọ́ ọn, àwa méjèèjì wò ó. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń fi ọwọ́ gbọ́n omi náà ṣeré, ajá pupa sì sùn fọnfọn lábẹ́ bẹ́ńṣì, kò họ ara rárá.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí eégbọn bá wọ àgbàlá yín, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ó wà kí ẹ tó gbé nǹkan kan sókè. Ẹ mú ọwọ̀, ẹ mú ọṣẹ, ẹ jẹ́ kí oòrùn wọlé, kí ẹ sì fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.